Ìjàpá àti Orin Tó Ń Sín

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo. Ó kó Àwòko mọ́ ọn, ó kó Ìgbín mọ́ ọn, ó kó ọyẹ́ mọ́ ọn pẹ̀lú. Ẹ múra àtigbè. Ègbè rẹ̀ kò le. Bí mo bá lé e, "Jáńjálá o" ni kí ẹ máa wí.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ẹranko ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, tí ènìyàn sì ń hùwà bí ẹranko (apá kejì yẹn ò tíì parí), Àwòko ń gbé lórí igi arère kan létí odò. Orin dídá ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀ dáadáa o. Ẹ má kán àmì sí ìdí rẹ̀. Àwòko kì í ṣe àwòkọ. Kò wo ti ẹnikẹ́ni kọ rí.

Àṣà igbó nígbà náà ni pé bí wọ́n bá fi orin ẹnì kan jó lọ́jọ́ ọdún, ilé kọ̀ọ̀kan tó jó á bu ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà kan fún un. Ẹ̀wà yìí ni Àwòko ń jẹ. Kò ní oko, kò ní ìsọ̀ lọ́jà.

Lọ́dún kan, ó bẹ̀rẹ̀ orin tuntun. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi dá a. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á bọ́ sórí ẹ̀ka, á gbé ohùn sókè, á tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ó fi "òjò tó rọ̀" síbẹ̀, kò dùn. Ó yọ ọ́, ó fi "òjò tó ṣú" síbẹ̀. Ó dùn díẹ̀. Ọjọ́ méje ló fi wá ọ̀rọ̀ tó máa tẹ̀lé "agbọ̀n". Ìyàwó rẹ̀ ní, "Baba Adéorin, ebi ń pa ọmọ, ẹ lọ wá kòkòrò." Ó ní kó ní sùúrù, agbọ̀n ò tíì kún. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tó bá gbọ́ orin ní ìṣẹ́jú kan á rò pé ìṣẹ́jú kan náà ni wọ́n fi dá a.

Ọjọ́ tí orin pé, Àwòko ránṣẹ́ pe Odídẹrẹ́. Ẹ mọ Odídẹrẹ́. Ohun tó bá wọ etí rẹ̀, bó ṣe wọlé gẹ́lẹ́ ni yóò ṣe jáde. Àwòko ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi tọ́jú orin yìí sínú." Odídẹrẹ́ fìdí mọ́gi, ó tẹ́tí. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni, ìrì ń kán tó tó tó. Àwòko lé e:

Òjò tó ṣú láàárọ̀,
Jáńjálá o.
Kò jẹ́ n mọ ọ̀nà oko,
Jáńjálá o.
Ìyá mi gbé agbọ̀n...

Ìrì ti mú un. "Hátísìn!" Ó sín. Ó nu imú, ó ń bá orin lọ:

...sórí,
Jáńjálá o.
Agbọ̀n ò kún, ìyá ò wálé,
Jáńjálá o.

Wọn ò mọ̀ pé Ìjàpá wà nídìí igi. Olú ló ń wá kiri. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, ó pa olú tì, ó ń fi èékánná ka ọ̀rọ̀ orin sórí ìkarahun ara rẹ̀ kó má baà gbàgbé. Nígbà tí Àwòko sín, ẹnu Ìjàpá yọ kó tó mọ̀: "Pẹ̀lẹ́ o!"

Ilé ire ni wọ́n ti tọ́ ọ. Olè ni, àmọ́ ó mọ bí wọ́n ṣe ń kí ni.

Àwòko ní, "Ta nìyẹn?"

Ìjàpá fa orí wọlé. Kẹ́kẹ́ pa. Àwòko rò pé afẹ́fẹ́ ni. Odídẹrẹ́ dágbére, ó fò lọ sí oko ìwájẹ, ó di ọ̀nà Ìwó.

Ìjàpá délé, ó ń kùn ún lábẹ́nu. Yánníbo ní, "Baálé mi, orin yìí mà dùn o. Ta ló ni ín?"

Ìjàpá wo ojú ọ̀run. Ó ní, "Bí ilẹ̀ ò bá tíì ṣú, èmi ni."

Ìdí Ìgbín ló gbà lọ. Kìnnìún, ọba igbó, ti fi Ìgbín sídìí ìwé pé kó máa kọ orúkọ ẹni tó bá dá nǹkan tuntun sílẹ̀. Itọ́ ara rẹ̀ ni Ìgbín fi ń kọ̀wé sórí ewé gbòdògì. Ẹ sì mọ̀ pé Ìgbín kò ní etí. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí wọ́n fún un níṣẹ́. Ohun tí ẹ bá kọ fún un ni yóò dà kọ. Kì í béèrè bó ṣe jẹ́.

Ó ka ohun tí wọ́n ń gbà fún Ìjàpá: fọ́ọ̀mù mẹ́ta, iṣu méjìlá, kẹ̀ẹ̀gbẹ̀ epo kan, àti iṣu kan sí i fún ẹni tó máa ka iṣu méjìlá náà. Ìjàpá san án. Níbi tí wọ́n kọ "Ta ló dá a?" sí, ó kọ "Ìjàpá" gàdàgbà. Níbi orin, ó kọ gbogbo ohun tó gbọ́, kò fo ọ̀kan: *Ìyá mi gbé agbọ̀n, hátísìn, sórí.* Ó fi àmì ohùn sí hátísìn náà pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, bíi ti olùkọ́ Yorùbá.

Ìgbín bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ láàárọ̀. Alẹ́ ló parí. Ó jókòó lé ewé náà, ó dìde. Òǹtẹ̀ nìyẹn.

Ọdún iṣu tuntun dé. Àwòko bọ́ sójú agbo, ó lé orin. Igbó mì. Erin jó, ilẹ̀ lanu. Àgbọ̀nrín jó, ó ju bàtà nù. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Àwòko gbé àpò ẹ̀wà, ó ń lọ láti ilé dé ilé. Ẹnu ọ̀nà tó bá dé, Ìjàpá ti wà níbẹ̀, ewé gbòdògì lọ́wọ́.

"Orin mi ni wọ́n jó," Ìjàpá wí. "Ẹ wo òǹtẹ̀."

Àwòko rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Ìjàpá ní, "Ìwọ náà kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lójú agbo. Ṣíírí àgbàdo mẹ́ta lo jẹ mí."

Ẹ̀rín tán. Àwòko sáré tọ Ìgbín lọ. Ìgbín yọ ojú kan, ó tún yọ èkejì. Ó ní, "Ìwé tiyín dà?" Àwòko ní òun ò ní ìwé, orin lòun ní. Ìgbín fa ojú méjèèjì padà. Ó ní kí wọ́n lọ mú fọ́ọ̀mù mẹ́ta wá, àmọ́ orin náà ti ní olówó.

Láti ọjọ́ yẹn, bó ṣe wà nínú ìwé ni gbogbo igbó ṣe ń kọ ọ́. Ìyá tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún, "gbé agbọ̀n, hátísìn, sórí". Àwọn tó ń lọ sí odò, hátísìn. Ẹni tó bá fo hátísìn, Ìjàpá á ní ó ba iṣẹ́ òun jẹ́, á gba ìlọ́po méjì. Àwọn ọ̀mọ̀wé inú igbó jókòó lé e lórí. Wọ́n ní inú hátísìn yìí ni adùn orin náà wà. Ọ̀yà bímọ, ó sọ ọ́ ní Hátísìndé.

Òkété náà kò sùn. Ó ń da orin náà kọ nínú ihò lóru, ó ń tà á ní ọjà alẹ́ ní ìdajì owó. Nígbà tí Ìjàpá gbọ́, ó káwọ́ lérí, ó sunkún lójú ọjà. Ó ní, "Kí ni ayé yìí ń dà? Ẹnì kan á jókòó, á làágùn, ẹlòmíràn á kàn wá kó o lọ!" Àwọn kan bá a sunkún. Mo rí i pé ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹ dákẹ́, ó ku èyí tó pọ̀ jù.

Ọyẹ́ dé.

Ọyẹ́ ọdún náà le. Eruku bo ewé, ètè ya, imú gbẹ. Ẹ jẹ́ kí n... hátísìn! Ẹ dákun. Eruku ni. Ẹ ṣé, ẹ ṣé. Níbo ni mo dé?

Ẹtu lọ pọnmi, ó sín létí odò. Kó tó gbé omi rù, Ìjàpá ti dé. Ó ní, "Àárín orin mi lo lò yẹn. Ìkòkò omi kan." Ẹtu rò pé orí rẹ̀ ń dà rú ni. Ọmọ Ọ̀bọ sín lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Ó tún sín, ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì. Erin sín lẹ́ẹ̀kan péré, igi mẹ́ta wó. Ìjàpá ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti inú ilé, gbogbo igbó ló gbọ́ ọ. Iṣu mẹ́wàá. Ilé Ìjàpá kún, ó gbé àká lé àká. Yánníbo ní, "Baálé mi, ó tó." Ìjàpá ní, "Ọyẹ́ ò tíì tán."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Kìnnìún sín láàfin. Kó tó nu imú tán, wọ́n gbé ewé kan wọlé, òǹtẹ̀ ń dán lára rẹ̀. Àgbò kan àti iṣu ogún.

Ọba ka ewé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ẹ pe ilé ẹjọ́."

Gbogbo igbó pé. Àwòko kò ní owó agbẹjọ́rò, Lékeléke ló bá a dìde lọ́fẹ̀ẹ́. Aṣọ funfun rẹ̀ ń tàn, ọrùn rẹ̀ gùn bíi ti ẹni tó ti ka ìwé púpọ̀. Ẹ̀yìn màlúù ló máa ń rìn, kò sí ìlú ènìyàn tí kò dé.

Ìjàpá na ewé rẹ̀ sókè. "Kábíyèsí, ìwé rèé. Òǹtẹ̀ rèé. Kí lẹyẹ yìí ní?"

Lékeléke ní, "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ilẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn, Nàìjíríà ni wọ́n ń pè é. Ní 1988 wọ́n ṣe òfin kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ti wá fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ti 2022, oṣù Kẹta 2023 ni ààrẹ wọn tó bu ọwọ́ lù ú. Òfin náà ní ẹni tó bá fi òógùn ara rẹ̀ dá nǹkan, tó sì gbé e ka ohun tí ojú lè padà rí tàbí tí etí lè padà gbọ́, òun ló ni ẹ̀tọ́ àwòkọ rẹ̀. Ọjọ́ tó gbé e kalẹ̀ ló ti ni ín. Kò dìgbà tó bá dé Abuja. Àdéhùn Bern tí àwọn orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ yìí ní 1886, tí Nàìjíríà sì wọ̀ ní 1993, kò béèrè ìwé lọ́wọ́ oní-nǹkan."

"Kí wá ni wọ́n ń fi ìwé ṣe?" Ìjàpá béèrè. "Ṣé wọ́n ya wèrè ni?"

"Rárá. Àjọ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ yìí ní Nàìjíríà ní ìwé ńlá kan tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ sí, kí ọjọ́ má baà sọnù, kí ẹni tó fẹ́ lo iṣẹ́ lè mọ ilé ẹni tí yóò kàn. Bí ìjà bá dé, ẹ̀rí ni. Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe nílẹ̀ wọn, àfi kí oní-nǹkan forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ná kó tó lè pe ẹjọ́ lórí rẹ̀. Mi ò sọ pé ìwé ò dára. Ì bá wù mí kí Àwòko ti ṣe é. Àmọ́ ẹ̀rí lè kọlu ẹ̀rí, kí ọ̀kan ṣubú. Ìwé ọjọ́ ìbí ò bímọ rí."

Ìgbín tó jókòó létí ògiri fa ojú wọlé díẹ̀.

Ọba ní, "Ọdún mélòó ni wọ́n ń jẹ ẹ̀tọ́ yìí?"

"Orin tàbí ìwé, gbogbo ọjọ́ ayé ẹni tó dá a, àti 70 ọdún lẹ́yìn tó bá kú. Rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n bá gbà á sí, 50 ọdún lẹ́yìn tó bá jáde."

Ọba wo Ìjàpá. Ó rántí bí irú ìran yẹn ṣe ń pẹ́ láyé tó. Ó kàn mi orí ni.

Ìjàpá yí ọwọ́ padà. "Kábíyèsí, ẹ gbọ́. Ta ló ni òjò? Ta ló ni ìyá? Ta ló ni agbọ̀n? Gbogbo wa la ni wọ́n. Báwo ni ẹyẹ kan á ṣe ní òun ló ni orin òjò?"

Lékeléke ní, "Kò sẹ́ni tó ni òjò. Lọ dá orin òjò tìrẹ. Ogún ènìyàn lè kọrin òjò, kí ẹnì kan má jalè nínú wọn. Ọ̀rọ̀ tí Àwòko tò, bó ṣe tò ó, ohùn tó fi sí i, ìyẹn là ń jà lé lórí."

Ọba gbé ewé náà súnmọ́ ojú. "Ìjàpá, ìwọ lo dá gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ pátá, Kábíyèsí."

"Kí ni ń jẹ́ hátísìn?"

Ilé ẹjọ́ dákẹ́. Ìjàpá gbé ọrùn jáde, ó wú u. "Há, Kábíyèsí! Ìjìnlẹ̀ nìyẹn. Ohun tó há, tí à ń sìn. Ìbùkún tó há mọ́ni lọ́wọ́, tí à ń sìn ín dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Bàbá bàbá mi ló máa ń lò ó. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò gbọ́ Yorùbá mọ́ ni."

Àwọn ọ̀mọ̀wé ń mi orí, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀yà gbé ọmọ rẹ̀ sókè kí gbogbo ayé lè rí i.

Ọba ní, "Àwòko, ìwọ ńkọ́? Kí ni hátísìn?"

Àwòko dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, òtútù ló mú mi."

Ẹnì kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó dákẹ́. Ìjàpá fò sókè. "Irọ́! Ta ló gbọ́ ọ nígbà tó ń sín? Kó mú ẹlẹ́rìí wá!"

Lékeléke ti ránṣẹ́ sí ọ̀nà Ìwó láti ọjọ́ mẹ́ta. Odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ (ẹ̀yin náà ò ní kú síbẹ̀, ẹ ṣe àmín). Ó balẹ̀ sáàárín agbo, ìrù rẹ̀ pọ́n fòò. Wọ́n ní kó sọ ohun tó gbọ́ lárọ̀ ọjọ́ náà lábẹ́ igi arère. Kò ṣàlàyé. Kò búra. Ó la ẹnu, ohùn Àwòko jáde níbẹ̀. Ẹ gbè é:

Òjò tó ṣú láàárọ̀,
Jáńjálá o.
Kò jẹ́ n mọ ọ̀nà oko,
Jáńjálá o.
Ìyá mi gbé agbọ̀n...

Ìrì kán, tó, tó, tó. Ẹ̀ka dún díẹ̀. "Hátísìn!"

Lẹ́yìn náà, láti ẹnu Odídẹrẹ́ kan náà, ohùn mìíràn jáde, ohùn wúwo tó ń ti abẹ́ ilẹ̀ bọ̀, tí gbogbo igbó mọ̀ bí wọ́n ṣe mọ ìró ẹsẹ̀ agbowó-orí:

"Pẹ̀lẹ́ o!"

"Ta nìyẹn?"

Ìró orí tó wọ inú ìkarahun: kọ́ọ́.

Ilé ẹjọ́ dà rú. Àáyá já bọ́ lórí igi. Yánníbo fi gèlè bo ojú. Ìjàpá ti fa orí wọlé lọ́tẹ̀ yìí náà, àmọ́ kò síbi tí wọn ò ti mọ̀ pé inú rẹ̀ ló wà. Olè tó jí kàkàkí ọba, níbo ló ti máa fọn ọ́n?

Kìnnìún dájọ́. Kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀wà orin fún Àwòko. Kí wọ́n dá ọ̀gẹ̀dẹ̀ padà fún Ọ̀bọ, omi fún Ẹtu, iṣu fún Erin. Kí Ìgbín pa orúkọ Ìjàpá rẹ́. Ìgbín bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ewé náà sẹ́yìn.

Ìjàpá yọ imú síta. "Ṣé ó ti tán, Kábíyèsí?"

"Ó ku kékeré," ọba wí. "Orin ni Àwòko ni. Sísín, o ti fi òǹtẹ̀ gbà á, mi ò sì ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Tìrẹ ni. Ẹni tó bá ní nǹkan ló ń tọ́jú rẹ̀. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá sín nínú igbó yìí, ìwọ Ìjàpá ni kó wá kí i ní pẹ̀lẹ́. Ìwọ fúnra rẹ. Lójú ẹsẹ̀."

Ọyẹ́ ò tíì tán. Ẹtu sín ní ìlà-oòrùn. Ìjàpá wọ́ lọ, ó ní pẹ̀lẹ́ o. Kó tó yí padà, Ọ̀bọ sín ní ìwọ̀-oòrùn. Ó wọ́ lọ. Erin sín lókè odò. Òru dé, Òkété sín nínú ihò, ó sì tún sín, mo sì gbàgbọ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ọjọ́ kẹrin, Ìjàpá wa ilẹ̀, ó wọnú rẹ̀, ó fi ewé dí ojú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi í rí i lójú ọ̀nà títí di òní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí imú gbogbo ẹranko tutù, á yọ.

Àwòko lọ bá Ìgbín lọ́jọ́ kejì ẹjọ́, kó lè kọ orin rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbín ní kó mú fọ́ọ̀mù mẹ́ta wá. Ó mú u wá. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ gbẹ̀yìn, wọ́n ti kọ ọ́ dé "Òjò tó".

Èmi ti kọ àlọ́ tèmi yìí sílẹ̀, mo kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì ti pa á fún aládùúgbò mi kan tí kì í gbàgbé nǹkan. Ẹ pa á fún àwọn ọmọ yín nílé, mi ò ní gba ẹ̀wà. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú orúkọ ara yín lókè, ẹ dákun, ẹ rántí yọ ibi tí mo ti sín kúrò.